Ọdún Tí Ẹsẹ̀ Ọ̀tún Mi Wú

Bọ́ọ̀lù ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi jọ ń lé lọ́jọ́ tí orúnkún mi yẹ̀. SS2 la wà nígbà náà. Ìdíje láàárín àwọn ilé ìwé girama ti sún mọ́lé, ni tíṣà eré ìdárayá bá pín àwa ọmọbìnrin sí ọ̀nà méjì lórí pápá kí a lè máa bá ara wa gbá a. Èmi ló máa ń wà níwájú, tí mò ń wá ọ̀nà àwọ̀n. Òun ló máa ń dúró lẹ́yìn, ẹni tó bá sì gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá, olúwa rẹ̀ á mọ̀ pé òun ṣiṣẹ́. Wọn kì í sábà fi wá sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí náà inú wa dùn lọ́jọ́ náà, à ń fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́ pé òní la ó mọ ẹni tó jẹ́ ọ̀gá.

Òjò ti rọ̀ láàárọ̀. Ìsàlẹ̀ àpáta ni pápá wa wà, ibẹ̀ ni omi tó ń ṣàn bọ̀ láti òkè máa ń gbà kọjá, ilẹ̀ ibẹ̀ kì í tètè gbẹ. Mo gba bọ́ọ̀lù, mo sáré, mo rí ọ̀rẹ́ mi tó ń bọ̀, mo ní kí n yí gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi rì sínú ẹrẹ̀, kò bá mi yí. Ara mi nìkan ló yí. Bí mo ṣe ń ṣubú lọ ni ẹsẹ̀ tirẹ̀ bá orúnkún mi. Mo gbọ́ ìró kan nínú ara mi, bí ìgbà tí wọ́n bá fi kùmọ̀ la kòkó.

Òun náà gbọ́ ọ. Ó kúnlẹ̀ tì mí nínú ẹrẹ̀, ó di èjìká mi mú.

"Má dìde," ó ní. "Jọ̀ọ́, má tíì dìde."

Tíṣà bu omi tútù sí orúnkún mi, ó fi ìpara gbígbóná pa á, ṣùgbọ́n orúnkún náà ń wú lójú wa títí a ò fi rí eegun rẹ̀ mọ́. Ọ̀rẹ́ mi ló pọ̀n mí láti pápá dé ojú títì tí ọ̀kadà wà. Ó jókòó sẹ́yìn mi, èmi wà láàárín òun àti ọlọ́kadà, ó na ọwọ́ gbé ẹsẹ̀ náà sókè kó má baà máa mì, títí a fi dé ilé wa.

Ọmọ àlejò ni. Apá Ṣakí ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá ṣiṣẹ́ oko ní Ìdànrè nígbà tó ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló ń mójú tó oko kòkó bàbá mi, wọ́n á sì jọ pín èrè nígbà tí wọ́n bá tà á. Inú oko náà ni wọ́n ń gbé, òun, àwọn òbí rẹ̀, àti àwọn ìbejì tí wọ́n bí tẹ̀lé e, tó jẹ́ pé nítorí wọn ni gbogbo ènìyàn ṣe ń pe bàbá rẹ̀ ní Bàbá Ìbejì. Nígbà tí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi, tí mo bá tẹ̀lé bàbá mi lọ sóko, orí ẹní kan náà lèmi pẹ̀lú rẹ̀ máa ń sùn. Nígbà tí a wà ní kékeré, ó máa ń fi èdè Ìdànrè tí ìyá bàbá mi ń sọ ṣẹ̀fẹ̀. Nígbà tó yá, òun gan-an ló gbọ́ èdè náà jù mí lọ, débi pé Ìyá máa ń sọ pé òun lọmọ àwọn, pé èmi ni àlejò.

Lọ́jọ́ kejì, màámi gbé mi lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó máa ń to eegun lẹ́yìn ọjà níbi tí màámi ti ń ta òkìrìkà. Bàbá náà fọwọ́ wá orúnkún mi kiri, wọ́n rọra ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń wo ojú mi bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

"Kò kán," wọ́n ní. "Iṣan inú rẹ̀ ló bàjẹ́. Kó sinmi."

Wọ́n to àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ yí ẹsẹ̀ náà ká láti itan dé kókósẹ̀, wọ́n fi aṣọ wé e le dáadáa, wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ fi tẹ ilẹ̀ títí wọ́n á fi tú u. Bí wọ́n ṣe ní ká ṣe é la ṣe é. Màámi tẹ́ fọ́ọ̀mù sí pálọ̀ fún mi, ibẹ̀ ni mo dùbúlẹ̀ sí, tí mò ń gbọ́ ìró ọ̀kadà níta, tí mò ń wo òrùlé. Mo rò pé bí mo bá ti lè dákẹ́ jẹ́ẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni n ó ṣe tètè padà sórí pápá. Mi ò kí ń yí ẹ̀gbẹ́ pàápàá.

Bí ilé ìwé bá ti jáde ni ọ̀rẹ́ mi á ti yà. Ìgbà kòkó ni, ó sì máa ń mú èso kòkó tó ti pọ́n wá látinú oko. Á là á, a ó jọ máa fá omi dídùn tó bo kóró rẹ̀ lá, a ó máa to kóró náà sínú abọ́ kan nítorí pé bàbá rẹ̀ kò fẹ́ kí a sọ ẹyọ kan nù. Á sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì fún mi. Á gbé mi lọ sẹ́yìnkùlé kí n lè wẹ̀. Nígbà mìíràn á máa wo igi tí wọ́n dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀.

"Ẹsẹ̀ mi ló ṣe eléyìí," á ní.

"Ẹrẹ̀ ló ṣe é," èmi á dá a lóhùn.

Kò sí ìgbà tí a sọ ọ́ tí a ò rẹ́rìn-ín díẹ̀. Màámi sì wà nínú yàrá, wọ́n ń to òkìrìkà, wọ́n ń gbọ́ wa.

Wíwú orúnkún náà ti ń lọ sílẹ̀ nígbà tí ìrora mìíràn bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ibi tí mo ti farapa. Nínú ẹran ẹ̀yìn ojúgun mi ni, nísàlẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́ ó dà bí ìgbà tí iṣan bá fà, tí ènìyàn á fi ọwọ́ rà á, tí á sì tú. Eléyìí ò tú. Ó ń fún mi látinú wá bí ẹni ń fún aṣọ tó tutù. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, gbogbo ẹsẹ̀ náà wú. Ó wú láàárín àwọn igi náà débi pé aṣọ ìdì wọ inú ẹran. Awọ ara rẹ̀ ń dán, ó gbóná, àwọ̀ rẹ̀ sì yí, ó pọ́n lọ́nà tó fẹ́ dúdú. Bí mo bá fi ìka tẹ ọrùn ẹsẹ̀ mi, ojú ibẹ̀ á jìn, á sì pẹ́ kó tó kún padà. Ẹsẹ̀ òsì mi wá dà bí ẹsẹ̀ ọmọ kékeré tí wọ́n gbé tì í.

Wọ́n ránṣẹ́ pe bàbá tó ń to eegun. Bàbá náà tú igi náà, wọ́n jókòó tì í pẹ́, wọn ò fọwọ́ kàn án.

"Eegun kọ́ ni eléyìí," wọ́n ní. "Ìyá ọmọ, ó ti kọjá tèmi. Ẹ gbé e lọ síbòmíràn."

Mi ò mọ ibi tí bàbá náà ní lọ́kàn. Ṣọ́ọ̀ṣì ni màámi gbọ́.

Inú ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n bí mi sí. Omi tí wọ́n gbàdúrà sí ni wọ́n fi wẹ ibà mi lọ́mọdé, a sì ti rí oore níbẹ̀, mi ò lè sọ pé a ò rí i. Wọ́n tẹ́ ẹní fún mi ní ilé àdúrà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n tan àbẹ́là yí mi ká, àwọn ìyá ìjọ ń fi òróró pa ẹsẹ̀ náà. Ní ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, obìnrin aríran kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó ní òun rí ẹni tó ń bá ọmọ yìí rìn. Ó ní ọwọ́ tó ń bá a jẹun nínú abọ́ kan náà ni ọwọ́ tó so ẹsẹ̀ rẹ̀.

Kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Mo rí ojú màámi. Wọn ò wo aríran náà mọ́, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò, bí ẹni tó ń ṣírò nǹkan.

Wọ́n gbé mi padà wálé lọ́jọ́ yẹn kí màámi lè wá àwọn nǹkan tí ìjọ fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ àdúrà. Ibẹ̀ ni màámi ti sọ ọ́ fún ìyá bàbá mi. Ìyá fi èdè Ìdànrè wọn dá màámi lóhùn pé kí wọ́n rọra o, pé ọmọ tó pọ̀n ọ̀rẹ́ rẹ̀ wálé lójú gbogbo ayé kì í ṣe ọ̀tá.

"Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, Ìyá," màámi ní. "Inú yàrá ni mo wà. Ó ní ẹsẹ̀ òun ló ṣe é. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì."

Mo dìde jókòó. "Màámi, bọ́ọ̀lù la jọ ń lé. Mo wà níbẹ̀. Ẹrẹ̀ ni."

"Ìwọ kọ́ lò ń sọ̀rọ̀," wọ́n dá mi lóhùn, ohùn wọn sì tutù gan-an. "Ìrora ló ń sọ ọ́."

Bí mo ṣe sọ ọ́ tó, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Ara mi gbóná, mò ń sọ̀rọ̀ wọ́tiwọ̀ti nígbà mìíràn, nítorí náà kò sí ẹni tó gba tèmi gbọ́.

Ọ̀rẹ́ mi dé ní ọ̀sán ọjọ́ náà bó ṣe máa ń dé. Màámi dúró sẹ́nu ọ̀nà. Láti ibi tí mo dùbúlẹ̀ sí, ẹ̀yìn màámi nìkan ni mò ń rí.

"Ẹ káàsán mà."

Màámi na ọwọ́ dí ẹnu ọ̀nà.

"Mo wá wò ó ni mà."

"O ti wò ó tó. Má wá síbí mọ́."

"Màámi, kí ni mo ṣe?"

"Ìwọ lo mọ ohun tó o ṣe."

Mo pè é. Mo pè é pẹ̀lú gbogbo agbára tó kù fún mi, mo sì mọ̀ pé ó gbọ́, nítorí pé ó dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀kan. Màámi ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí ìyá bàbá mi jáde lẹ́yìn náà, wọ́n bá èso kòkó kan lórí àtẹ̀gùn. Màámi ní kí wọ́n lọ jù ú sígbó, kí wọ́n má fi ọwọ́ lásán gbé e.

Bàbá mi ò sí nílé ní gbogbo àsìkò yìí. Wọ́n ti lọ sí apá Ofosu lọ gé igbó tuntun tí wọ́n fẹ́ fi dáko, ibi tí fóònù kì í ti sábà lọ. Àbúrò wọn ló tẹ̀lé màámi lọ sóko kòkó. Mi ò sí níbẹ̀, ohun tí wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà ni mò ń sọ. Wọ́n ní kí Bàbá Ìbejì mú ọmọ rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì kó wá jẹ́wọ́, kí ẹsẹ̀ lè wálẹ̀. Ó dá wọn lóhùn pé ọmọ òun ò ní nǹkan kan láti jẹ́wọ́, pé bí wọ́n bá fẹ́, òun á wá bá wọn gbàdúrà. Àbúrò bàbá mi ní bí kò bá mú un wá, kí wọ́n kó kúrò lórí ilẹ̀ àwọn.

Wọ́n kó. Kòkó ṣì wà lórí ẹní níbi tí wọ́n sá a sí, èyí tó kù lórí igi ti pọ́n tán. Àwọn tó pàdé wọn lọ́nà sọ pé ìyá wọn ló gba iwájú, ọ̀rẹ́ mi ru ẹrù ibùsùn tẹ̀lé e, pé kò wo ọ̀tún, kò wo òsì.

Ní ilé àdúrà tí wọ́n tún gbé mi padà sí, wọ́n dúpẹ́ pé ọ̀nà ti là. Ẹsẹ̀ mi ò mọ̀ pé ọ̀nà ti là. Ó tún wú sí i. Ní ọ̀sán kan, mo fa èémí, kò wọlé tán. Mo tún un fà, nǹkan gún mi nínú ìhà ọ̀tún. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ẹ̀jẹ̀ sì wà nínú itọ́ tí mo tu sínú aṣọ. Ìyá ìjọ kan rí i, ó ká aṣọ náà pọ̀ wéré kí màámi má rí i, ṣùgbọ́n màámi ti rí i. Wọ́n jáde síta, wọ́n ń rìn kiri lórí pápá ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú fóònù, wọ́n ń wá ibi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wà, wọ́n ń pe bàbá mi títí ìpè náà fi wọlé.

Bàbá mi dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bàtà oko ni wọ́n wọ̀, ẹrẹ̀ Ofosu ti gbẹ mọ́ ọn. Kò sí ẹni tó ń wọ bàtà wọ ilé àdúrà lọ́dọ̀ wa. Alàgbà kan na ọwọ́ sí wọn, ó ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, bàtà yín." Bàbá mi ò wo ojú rẹ̀. Wọ́n gba àárín àbẹ́là kọjá, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé mi. Mo gbọ́ bí ọkàn wọn ṣe ń lù. Màámi sáré tẹ̀lé wa láìwọ bàtà títí dé inú takisí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bá wa dé Àkúrẹ́ láìwọ bàtà.

Ní ọsibítù, wọ́n fi nǹkan bo imú mi kí n lè rí afẹ́fẹ́ fà. Wọ́n fi ẹ̀rọ kan wo inú ẹsẹ̀ mi láti itan wá sílẹ̀. Dókítà tó tọ́jú mi kì í ṣe àgbàlagbà, obìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ni. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mi ló dúró sí tó fi ń ṣàlàyé fún àwọn òbí mi, nítorí náà mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ ló dì nínú iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀," ó ní. "Díẹ̀ ti já lára rẹ̀, ó ti bá iṣan gòkè lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Òun ni kò jẹ́ kó lè mí dáadáa. A ti bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó máa dì sí i."

Bàbá mi bèèrè ohun tó fà á.

"Orúnkún tó fi ṣèṣe, sà. Wọ́n wá dì í mọ́ igi, ó sì dùbúlẹ̀ lójú kan fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ò bá rìn, ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ náà kì í rìn bó ṣe yẹ."

"Ṣé ẹnìkan lè fi ọwọ́ ṣe é síni lára?" Màámi ló bèèrè ìyẹn.

Dókítà wò wọ́n. "Rárá, mà. Ṣùgbọ́n kì í sábà ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré báyìí. Nígbà mìíràn ó máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé. Ṣé ẹnìkan ti ní irú rẹ̀ rí, lọ́dọ̀ yín tàbí lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀? Kí ẹsẹ̀ kan wú, kí ó wá ṣòro fún un láti mí?"

"Kò sí," màámi ní.

Bàbá mi sọ ọ́ wẹ́lẹ́, wọn ò wo màámi: "Àbúrò rẹ ńkọ́?"

Mi ò mọ àbúrò màámi yẹn. Wọ́n ní ó kú kí wọ́n tó bí mi. Ó bímọ, wọ́n sọ ọmọ lórúkọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wú, ó ní àyà ń dun òun, ó sì kú níbi tó ti ń fún ọmọ lọ́mú. Gbogbo ohun tí mo ti ń gbọ́ nípa rẹ̀ láti kékeré ni pé ìyá ọkọ rẹ̀ ló pa á. Wọ́n lé ìyá náà kúrò nínú ilé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ní ìlú mìíràn ló ti kú. Nínú ilé wa, bí wọ́n bá fẹ́ sọ pé ènìyàn burú, òun ni wọ́n máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ.

Dókítà ń kọ nǹkan sílẹ̀, kò mọ ohun tí òun ṣe. Màámi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi. Wọn ò sunkún. Wọ́n tú gèlè orí wọn, wọ́n gbé e lé itan, wọ́n ń ká a, wọ́n ń tú u, wọ́n tún ń ká a. Ẹsẹ̀ wọn tí wọn ò wọ bàtà sí dọ̀tí, ó sì bó létí. Nọ́ọ̀sì kan kọjá, ó ní kí wọ́n dìde kúrò nílẹ̀. Wọ́n ní kò burú.

Mo lo ọjọ́ pípẹ́ níbẹ̀. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń gún mi lábẹ́rẹ́ lábẹ́ ìdodo títí ibẹ̀ fi dúdú. Nígbà tí mo padà délé, ìdíje ti kọjá, ẹlòmíràn ti gba ipò mi níwájú. Kò sí ẹni tó bèèrè ẹni tó gba ipò ọ̀rẹ́ mi lẹ́yìn.

Oṣù mélòó kan ni bàbá mi fi wá ìdílé náà. Wọ́n ránṣẹ́ sí Ṣakí, wọ́n bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ra kòkó, kí wọ́n tó gbọ́ pé oko ẹlòmíràn ni wọ́n wà lẹ́yìn Ofosu. Wọ́n lọ. Bàbá mi ò mú àbúrò wọn dání. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n pè mí sí ẹ̀gbẹ́ ilé, wọ́n sọ ọ́ fún mi bó ṣe lọ.

Bàbá Ìbejì dọ̀bálẹ̀ kí wọn. Ó fún wọn ní àga àti omi. Bàbá mi ní wọ́n wá tọrọ àforíjì, pé ilẹ̀ ṣì wà, kí wọ́n padà wá. Bàbá Ìbejì ní, "Bàbá, a dúpẹ́ pé ọmọ yè. A ò di yín sínú. Ṣùgbọ́n ìlú tí wọ́n bá ti pe ọmọ ẹni lájẹ̀ẹ́, kì í ní orúkọ mìíràn níbẹ̀ mọ́." Ìyá Ìbejì ń gún nǹkan lẹ́yìn ilé ní gbogbo àsìkò náà, kò dúró, kò sì wá kí wọn. Ọ̀rẹ́ mi ti kúrò nílé ìwé. Ìgbà tí bàbá mi ti jìnnà sí ilé náà díẹ̀ ló sáré tẹ̀ lé wọn.

"Kí ló ní kí ẹ sọ fún mi?" mo bèèrè.

"Ó bèèrè bóyá o ti ń rìn," bàbá mi ní. "Mo ní o ti ń rìn. Ó padà."

Òótọ́ ni, mò ń rìn. Iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú rẹ̀ kì í padà sípò rẹ̀ tán, wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí nísinsìnyí. Láàárọ̀ ẹsẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Tó bá di ọ̀sán, bàtà ọ̀tún á ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ náà á wúwo bí ohun tí mo gbà tọ́jú fún ẹlòmíràn. Awọ ojúgun ibẹ̀ ti dúdú, ó le, bí ẹ̀fọn bá jẹ mí níbẹ̀ á di egbò. Nígbà tí a bá kó àwọn ọmọ lọ wo Òkè Ìdànrè, ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ni mo máa ń jókòó sí, tí mò ń ṣọ́ àpò wọn títí wọ́n á fi sọ̀ kalẹ̀. Bàbá mi àti àbúrò wọn jọ ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mi ò tíì tún rí wọn kí wọ́n jọ jẹun láti ìgbà náà.

Lọ́dún tó kọjá, mò ń lọ sí Bìní fún ìsìnkú ìyá tíṣà kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Mọ́tò wa dúró ní Ofosu, àwọn tó ń ta nǹkan sì sáré wá bo ojú fèrèsé. Obìnrin kan gbé abọ́ búrẹ́dì wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó na ẹyọ kan sí mi, ó sì dá ọwọ́ dúró.

"Ìwọ nìyẹn," ó ní.

Mo sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ti sanra, ọmọ kan ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Jíjókòó pẹ́ nínú mọ́tò ti mú kí ẹsẹ̀ mi wú, ibẹ̀ ló sì wò kó tó wo ojú mi.

"Ṣé ó ṣì ń dùn ọ́?"

"Tó bá di ìrọ̀lẹ́."

"Ó tóbi ju èkejì lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni." Mi ò mọ ibi tí mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀jẹ̀ ló dì. Dókítà ní kì í ṣe ẹnikẹ́ni."

"Mo mọ̀. Bàbá rẹ sọ fún wa." Ó tún ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ gbé. "Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó wá sọ ọ́, mo ti gbà á. Mo rò pé bóyá òótọ́ ni. Pé bóyá èmi ni mo ṣe é, tí mi ò mọ̀. Mo máa ń gbààwẹ̀ pé kí Ọlọ́run gba nǹkan náà kúrò lọ́wọ́ mi, ohun yòówù kó jẹ́. Kódà lẹ́yìn tí bàbá rẹ lọ, mo ṣì ń gbààwẹ̀. Nígbà tí mo bí ọmọ mi àkọ́kọ́, ẹ̀rù bà mí láti gbé e."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó jẹ́ kí n dì í mú, ṣùgbọ́n kò di tèmi. Dírẹ́bà fun fèrè. Mo ní kó fún mi ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀.

"Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀," ó ní, kò sì sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. "Inú mi dùn pé mo rí ọ."

Mo ra búrẹ́dì kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gba owó, ó wá ṣéńjì mi sínú àpò ìdí rẹ̀, ó fún mi pé. Lẹ́yìn náà ló kọjá sí fèrèsé tó tẹ̀ lé tèmi, tó ń bèèrè bóyá ẹni tó wà níbẹ̀ á ra búrẹ́dì.

Mo sọ ọ́ fún màámi nígbà tí mo padà dé. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ lẹ́yìnkùlé. Wọ́n ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n bí aríran bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, wọ́n á dìde, wọ́n á bọ́ síta, wọ́n á lọ dúró sídìí igi títí á fi parí. Wọ́n fetí sí mi dáadáa. Mo sọ ti búrẹ́dì, mo sọ ti ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, mo sọ ti ààwẹ̀ náà pẹ̀lú.

"Ó ní kó o kí mi?" wọ́n bèèrè.

"Rárá, mà."

Wọ́n mi orí. Wọ́n mú òkúta wẹ́wẹ́ kan kúrò nínú ẹ̀wà, wọ́n jù ú sílẹ̀.

"Kò jẹ̀bi," wọ́n ní, wọ́n sì ń ṣa ẹ̀wà wọn lọ.